Àwo orin márùn-ún tó tọ́ yín dàgbà, 1981 sí 1990: ẹ mú tiyín wá

Aláwo_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bàbá mi ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ palẹ̀ yàrá wọn mọ́ n'Ìbàdàn. Mo bá páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló kún inú ẹ̀, mẹ́tàlélógójì. Eku ti jẹ etí páálí náà, ṣùgbọ́n àwọn àpò àwo ṣì ń dán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí màá fi gbójú sókè, ilẹ̀ ti ṣú.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí kálukú mú àwo márùn-ún péré wá, láti 1981 sí 1990. Òfin ò pọ̀. Odindi àwo ni, kì í ṣe orin kan. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ gbọ́ nígbà náà gan-an, tí ẹ gbọ́ títí ẹ fi mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ti máa ń fò. Ẹ má fi ọgbọ́n òní yan orin àná o. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí ẹ tó mọyì Fẹlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Tèmi rèé. 1974 ni wọ́n bí mi, Mọ́kọ́lá la gbé.

Synchro System, Sunny Adé, 1983. Bàbá mi nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. Wọ́n á nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, wọ́n á fẹ́ eruku ẹnu abẹ́rẹ́, wọ́n á wá rọra gbé e lé e bí ẹni gbé ẹyin. Gìtá tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń fà gùn-ùn-ùn yẹn, obìnrin kan ni mo rò pé ó ń sunkún nínú sípíkà. Mo bẹ ẹ̀yìn sípíkà wò lẹ́ẹ̀kan. Wáyà ni mo rí.

Ever Liked My Person?, Christy Essien-Igbokwe, 1981. Màmá ló ni èyí. Orin Ṣeun Rere inú ẹ̀ ni wọ́n fi ń bá wa wí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn lọ gbé e sí i, onítọ̀hún á mọ̀ pé òun ni. Mo ti wọ ilé ìwé girama kí n tó gbọ́ pé ọmọ Yorùbá kọ́ ni Christy. Mo jiyàn títí ọ̀rọ̀ fẹ́ dìjà.

Ace, Ṣínà Peters, 1989. Ẹni tó bá wà láyé nígbà náà mọ̀.

Fuji Garbage, Àyìndé Barrister, 1988. Alàgbà ni bàbá mi ní ìjọ CAC, fújì ò gbọdọ̀ dún nílé wa. Ara ògiri ni mo ti gbọ́ ọ. Télọ̀ kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yóò ti gbé e sí i láàárọ̀ títí NEPA á fi mú iná lọ. Mo mọ ojú kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tòun ti ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ẹ̀. Tí mo bá gbọ́ ọ níbòmíì lónìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan ò pé.

Ìkarùn-ún ń dà mí láàmú. Mo fẹ́ fi Ọdún Ń Lọ Sópin ti Good Women Choir, àwọn akọrin obìnrin ìjọ CAC, sí i, nítorí àpò ẹ̀ wà nínú páálí yìí. Àmọ́ kí n má purọ́, mi ò rántí ọjọ́ tí a gbé e sí i nílé. Orí rédíò la ti ń gbọ́ ọ. Mo fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ ná.

Ìyá_Ìbejì_Igbó

Ẹ ṣeun, Aláwo. Ṣùgbọ́n òfin yín yìí, ẹ bá mi tún un wò. Sàláwà Àbẹ̀ní, olórin wákà, ni mo fẹ́ mú. Àwo tó kọ́kọ́ ṣe, èyí tó fi dárò Ọ̀gágun Murtala, 1976 ló jáde, ọmọ ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà. 1983 ló wọ ilé tiwa, nígbà tí àǹtí mi ṣe ìyàwó tó kó ẹrù ẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ṣé ìgbà tó jáde là ń kà ni àbí ìgbà tó wọlé? Nílé olówó ni àwo ti máa ń dé lọ́dún tó jáde.

Àti pé, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin kan, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ìyá wa lẹ fi Christy fún. Ta ni Sàláwà máa wà fún?

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo dàgbà sí, ìlú Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà. Ibẹ̀ ni wọ́n dá Phonodisk sí ní 1979, ilé tí wọ́n ti ń ká orin sílẹ̀. Bí a bá ń ti ilé ìwé bọ̀, a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà kọjá, bóyá a ó gbọ́ nǹkan tí ẹnì kankan ò tíì gbọ́. A ò gbọ́ nǹkan kan rí àfi jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí Hárúnà kú ní 1983, gbogbo ilé tó ní ẹ̀rọ ló gbé àpàlà sójú fèrèsé, tí ẹ bá ń rìn lọ lójú títì, ẹ ó máa ti inú orin kan bọ́ sínú òmíràn. Mi ò lè mú àwo kan pàtó nínú wọn. Gbogbo àdúgbò ni mo mú.

Aláwo_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ìgbà tó wọlé là ó máa kà. Ẹ mú Sàláwà yín.

Ọmọ_Òṣòdì68

Ẹ ṣeun tí ẹ ṣí èyí. Èmi ní àwo kan tí mo jẹ ẹgba lé lórí, òun ló gba ipò kìíní láìsí àríyànjiyàn.

1984 ni. Bàbá mi fún mi lówó pé kí n lọ ra Barrister tuntun wá. Ẹni tó bá mọ bàbá mi mọ̀ pé ti Barrister ni wọ́n ń ṣe, orúkọ Kollington, olórin fújì tó ń bá Barrister díje, ò gbọdọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ wọn. Mo dé ilé rẹ́kọ́ọ̀dù, mo ní, "Ẹ fún mi ní Barrister tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde." Ọmọkùnrin tó ń tajà fa ọ̀kan yọ, ó fi ìwé ìròyìn wé e, mo gbé e sáyà, mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lára nínú mólúè.

Bàbá ti pe ọ̀rẹ́ méjì jókòó. Bíà ti wà ńlẹ̀. Wọ́n tú ìwé ìròyìn, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n kà á jáde: Talazo '84. Wàsíù Àyìndé Barrister.

Ẹ dákun, ta ni ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹ̀? Orúkọ ló jọra. Wàsíù ti bá Barrister àgbà gbé irinṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ wọn rí, ọ̀gá ẹ̀ fúnra wọn ló sì yọ̀ǹda kó máa jẹ́ Àyìndé. Kí lèmi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún fẹ́ mọ̀ nínú ìyẹn?

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ní owó ti jáde, kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ ọ ná. Wọ́n gbé e sí i. Ojú kìíní parí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ojú kejì parí. Bàbá ní kí n dà á padà sí ojú kìíní. Bíà tán, wọ́n rán mi lọ ra òmíràn.

Wọ́n nà mí náà ṣá. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àlejò ti lọ.

Àjọkẹ́_Peckham

Ọmọ Òṣòdì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, àwọn òyìnbó ń wò mí.

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀ torí pé London ni wọ́n bí mi sí. Juju Music ti Sunny Adé, 1982, ni Dádì mi gbé wálé tìdùnnú-tìdùnnú. Bob Marley ti kú lọ́dún tó ṣáájú, Island Records ló gbé Sunny jáde báyìí, àwọn òyìnbó níbi iṣẹ́ Dádì sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Dádì wá di ọ̀jọ̀gbọ́n òjijì. Àmọ́ nígbà tí Àǹkú mi dé láti Èkó, tí wọ́n gbọ́ ọ, ńṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti parí nìyẹn?" Orin méje ló wà lórí ẹ̀. Nílé, orin ò lè tíì kí àwọn ìyàwó olóyè tán kí ó tó pé ìṣẹ́jú méje. Wọ́n fa àwo tiwọn yọ látinú báàgì, èyí tí Sunny ṣe fún ilé, tí ojú kan ń lọ gbuurugbu láìdúró, ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ Ja Funmi inú Juju Music yẹn, ohùn Àǹkú mi ni mò ń gbọ́ lábẹ́ ẹ̀.

Mo mú Aura, 1984, náà. Stevie Wonder fọn hàmóníkà sí i, ìyẹn ni mo fi ń yangàn nílé ìwé.

Ẹ̀kẹta, ẹ má bínú sí mi: Thriller, 1982. Òfin ní ká sọ òótọ́.

Bàbá_Tísà_Ọ̀yọ́

Àjọkẹ́ ọmọ mi, a ò bínú. Ṣùgbọ́n Thriller!

Mo ti ń kọ́ni ní gbogbo ọdún tí ẹ ń sọ yìí, nítorí náà mi ò sí lára àwọn tó ń dàgbà, mo wà lára àwọn tí ẹ ń jí rẹ́kọ́ọ̀dù wọn gbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa gígùn orin. Ọ̀rọ̀ Àǹkú Àjọkẹ́ yẹn jinlẹ̀ ju ẹ̀rín lọ. Òde àríyá ni olórin jùjú ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n sì lè wà lórí ìjókòó láti alẹ́ títí àkùkọ á fi kọ. Ojú àwo kan kò gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ohun tí wọ́n fi ṣe àwo ni pé wọ́n já ogún ìṣẹ́jú nínú òru náà fún ẹ: ibi tí wọ́n ti ń júbà, ibi tí wọ́n ti ń pa òwe, ibi tí ìlù ti ń dá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wá tún já ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ogún, kí ló kù?

Ebenezer Obey, olórin jùjú, ni tèmi. Mo máa ń jí òwe wọn lò nínú kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Virgin náà gbé wọn jáde nílẹ̀ òyìnbó ní 1983, àwo tí wọ́n pè ní Je Ka Jo, ṣùgbọ́n ariwo tí Sunny pa níbẹ̀ pọ̀ ju tiwọn lọ. Ní 1992 ni wọ́n gba iṣẹ́ ìhìnrere. Ó dùn mí, ó sì dùn mọ́ mi. Ẹ bi ìyàwó mi.

Lẹ́yìn 1986 tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, wọlé, èmi ò rówó ra àwo mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì là ń rà, tàbí ká gbé òfìfo lọ kí wọ́n bá wa ká a sí i. Tí ẹ̀rọ bá gbé téèpù ẹ̀ mì, a ó fi báírò yí i padà díẹ̀díẹ̀. Mo ní Fuji Garbage kan tó jẹ́ pé láàárín ẹ̀ lójijì, wàá gbọ́ ìròyìn Rédíò Nàìjíríà fún bí ìṣẹ́jú méjì.

Tọ́pẹ́_ọmọ95

Mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tiwa lẹ̀ ń sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá ní kí n mú mẹ́ta nínú èyí tó tọ́ mi: Asha ti Àṣá, 2007. Gongo Aṣọ ti 9ice, 2008. C.E.O ti Dagrin, 2009.

Mi ò ra ìkankan nínú wọn. Orí fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n wà, mo ń fi Bluetooth gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá wọlé ni mo gbọ́. Kò sí ojú kìíní, kò sí ojú kejì, kò sí àpò tí mo lè wò. Gongo Aṣọ, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ orin tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn lórí ẹ̀. Nígbà tí Dagrin kú ní oṣù kẹrin 2010, kíláàsì wa ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Tíṣà wọlé, ó bá wa tí a ń fi ẹnu ráàpù orin ẹ̀, gbogbo wa lápapọ̀, ó kàn jókòó.

Bàbá_Tísà_Ọ̀yọ́

Ká ní èmi ni tíṣà yẹn, èmi náà á jókòó. 9ice yẹn, mo fẹ́ràn ọmọ náà. Ó máa ń pa òwe bí ẹni tí bàbá àgbà tọ́.

Ará_Kétu

Ẹ kú àṣálẹ́. Láti Kétu ni mo ti ń kọ̀wé, lápá Benin. Nàìjíríà ò jìnnà sí wa, rédíò yín ń wọlé dáadáa lálẹ́, tiwa ni Sunny àti Obey jẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ààlà wà láàárín. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ni Logozo ti Angélique Kidjo. 1991 ló jáde. Ọdún kan péré ló fi kọjá òfin yín. Ọmọ Ouidah ni, ó ń kọrin ní Fọ̀n, ó ń kọ ọ́ ní Yorùbá, nígbà tí mo gbọ́ ọ ní Kútọnu nínú ilé ìtajà kan, mo dúró gbagidi tí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi gbá mi. Ẹ ṣàánú mi.

Aláwo_Mọ́kọ́lá

Àánú ti dé. Òfin yìí ti lu jálajàla, kó máa wọlé.

Ọmọ_Òṣòdì68

Kí òfin tó fọ́ tán, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Ace ti Ṣínà Peters. Aláwo, ẹ kàn gbójú fò ó bíi pé kò sí ìjà níbẹ̀. Ìjà wà. Ní àdúgbò wa, àwọn àgbà ní jùjú kọ́ nìyẹn, fújì tó wọ kóòtù ni. Ìlù ẹ̀ yára jù, wọ́n ní gìtá ò rí àyè mí. Orúkọ tí òun fúnra ẹ̀ fún un ni Afro-Jùjú. Òótọ́ ni pé Láolú Akins ló bá a ṣe àkóso àwo náà, ẹni tó ti ṣe róòkì nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ BLO, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé kò dún bí ti àtẹ̀yìnwá. Èmi fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ Shinamania, 1990, ni mo mú, torí pé òun ni mo fi gba ìyàwó mi. Ijó ni mo jó, ẹsẹ̀ ló bá mi sọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Igbó

Ẹnu ò ní gbà yín, Ọmọ Òṣòdì.

Aláwo, nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu látàárọ̀. Ẹ ní àpò Good Women Choir wà nílé yín, nílé alàgbà CAC, ẹ ò sì rántí ọjọ́ kan tó dún. Ilé CAC wo ni Ọdún Ń Lọ Sópin ò ti ní dún ní ọjọ́ ìparí ọdún? Ẹ ti fa àwo yẹn yọ nínú àpò ẹ̀ wò? Nílé tiwa, àwo kankan ò sùn nínú àpò ara ẹ̀ rí.

Aláwo_Mọ́kọ́lá

Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa á yọ ni. Mo rọra tẹ àpò lẹ́nu, mo fi àtàǹpàkò gbá etí àwo mú bí bàbá ṣe máa ń ṣe, kí ọwọ́ má kan ojú ẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo ka bébà róbótó tó wà láàárín.

Talazo '84. Wàsíù Àyìndé Barrister.

Ojú kìíní ti gbó. Kì í ṣe gbígbó ohun tí ẹnì kan gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ti funfun.

Ọmọ_Òṣòdì68

ALÀGBÀ!!!

Àjọkẹ́_Peckham

Mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò lè.

Bàbá_Tísà_Ọ̀yọ́

Ẹ pè wọ́n. Ẹ fi ọ̀wọ̀ pè wọ́n, àmọ́ ẹ pè wọ́n.

Aláwo_Mọ́kọ́lá

Mo ti pè wọ́n. Mo kọ́kọ́ béèrè ara, mo béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo wá ní, "Bàbá, mo rí àwo kan nínú àpò Good Women Choir." Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Wọ́n wá ní, "Ṣé télọ̀ ò tíì wá gba nǹkan ẹ̀ ni?"

Ogójì ọdún. Télọ̀ ò tíì wá gba nǹkan ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Igbó

Ẹ̀rín pa mí kú. Ó dáa, àwo Good Women Choir fúnra ẹ̀ wá dà? Ṣé ó wà nínú àpò míì níbẹ̀?

Aláwo_Mọ́kọ́lá

Mo ti tú gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì. Kò sí níbẹ̀. Mùsùlùmí ni télọ̀ yẹn o, kì í jẹ́ kí Jímọ̀ọ̀ kan yẹ̀, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí pé nígbà míì, tí ilẹ̀ bá ti ṣú pátápátá, tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́, orin kan máa ń dún wẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀ tí kì í ṣe fújì.